Ìbéèrè Abẹ́nú àti Ìdánwò Rẹ̀: Ìtàn Àṣìṣe Tí Kì Í Pariwo Nínú Àkójọ-Dátà, 1970 sí 2020

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn ìbéèrè abẹ́nú nínú èdè SQL, láti ìgbà tí Codd gbé àbá àtẹ kalẹ̀ ní ọdún 1970 títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ gbé ọ̀nà tuntun jáde fún ìdánwò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àṣìṣe tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tó ń mú kí kọ̀ǹpútà dá iṣẹ́ dúró, bí kò ṣe èyí tó ń mú un fún wa ní èsì tí kò pé, tí a kò sì fura. A yẹ àṣìṣe mẹ́ta wò, a sì rí i pé méjì nínú wọn máa ń ṣe àkóbá fún ẹni tí kò ní nǹkan kan lákọsílẹ̀. A fi àmọ̀ràn kádìí iṣẹ́ náà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe lè dán ìbéèrè tí a fi irinṣẹ́ ìhun-ìbéèrè hun wò.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ohun kan tí a kì í sábà sọ síta: ẹni tí a bi ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí a bi í gan-an. Bí abéèrè bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, tí ẹni tí a bi sì gbọ́ ọ sí ibòmíràn, abéèrè yóò ṣìnà, yóò sì gbà pé ọ̀nà tààrà ni òun ń tọ̀. Irú ọ̀ràn yìí ni iṣẹ́ wa dá lé lórí.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn èdè-ìperí tí a ó lò. Àkójọ-dátà ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí lọ́nà tí a fi lè rí i lò. Àtẹ ni a ń pe àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a tò ní ìlà àti òpó. Bí àpẹẹrẹ, nínú àtẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìlà kan dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, òpó kan sì dúró fún irú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kan, bíi orúkọ tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ìbéèrè ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá àkójọ-dátà sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kí ó mú nǹkan jáde fún wa.

Ẹni tó bá ti kọ́ gírámà Yorùbá mọ ohun tí a ń pè ní gbólóhùn oníbọ̀, ìyẹn gbólóhùn tí a fi awẹ́ gbólóhùn afarahẹ bọ inú rẹ̀. Bí a bá sọ pé, ‘Ẹ fún mi ní orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí lára àwọn tí wọ́n yá ìwé,’ a kò lè dáhùn títí a ó fi kọ́kọ́ mọ àwọn tí wọ́n yá ìwé. Ìbéèrè kan wà nínú ìbéèrè náà. Èyí tó wà nínú ni a ó máa pè ní ìbéèrè abẹ́nú. Èyí tó gbé e dání ni a ó máa pè ní ìbéèrè òde.

2.0 Láti Ọ̀dọ̀ Codd Dé Èdè SQL

Edgar F. Codd jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní ìlú San Jose, ní ìpínlẹ̀ California. Kí ó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1970, ẹni tó bá fẹ́ mú àkọsílẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ní láti mọ ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ kan gbà so mọ́ òmíràn, kí ó sì tọ ọ̀nà náà ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Bí a bá yí ètò ibi ìkóhunsí padà, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a ti kọ lè di aláìwúlò. Àbá Codd (1970) ni pé kí a to gbogbo rẹ̀ sí àtẹ, kí olùlò máa sọ ohun tí ó ń fẹ́, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì wá ọ̀nà tí yóò gbà rí i. Ọdún 1981 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing nítorí iṣẹ́ náà.

Àmọ́ èdè ìṣirò ni Codd fi gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀, kò sì rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, ni wọ́n wá èdè tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n gbé èdè náà, tí wọ́n pè ní SEQUEL, jáde níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní ọdún 1974. Ó dunni pé Boyce kú ní ọdún yẹn kan náà, kò rí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dà. Nígbà tó yá, wọ́n gé orúkọ náà kúrú sí SQL, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba SEQUEL fún orúkọ ọjà tirẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè abẹ́nú ti jẹ́ òpómúléró nínú èdè yìí. Wọ́n ṣe é kí a lè fi odidi ìbéèrè kan bọ inú òmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi awẹ́ gbólóhùn bọ inú gbólóhùn. Patricia Selinger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ (1979) ṣàlàyé bí System R, èyí tí IBM fi ṣe ìwádìí, ṣe ń ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè abẹ́nú kò bá tọ́ka sí ohunkóhun ní òde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ yóò ṣe é. Bí ó bá tọ́ka sí òde, ẹ̀rọ ní láti tún un ṣe fún ìlà kọ̀ọ̀kan tí ìbéèrè òde bá gbé wá. Ọdún 1979 yìí kan náà ni àkójọ-dátà Oracle jáde sí ọjà. IBM gbé DB2 jáde ní 1983. Èdè SQL sì di èdè tí àjọ ANSI fọwọ́ sí ní 1986.

3.0 Àṣìṣe Kìíní: Ẹni Tí Kò Jẹ Gbèsè Kankan

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ iye ìwé ilé-ìkàwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Àdùkẹ́ kọ 2, Bọ́lá kọ 1, Kẹ́hìndé kọ 0. Nínú àtẹ ilé-ìkàwé, ìlà méjì ló wà fún Àdùkẹ́, mẹ́ta fún Bọ́lá, kò sì sí ìlà kankan fún Kẹ́hìndé. A wá bi kọ̀ǹpútà pé: àwọn wo ni fọ́ọ̀mù wọn bá àkọsílẹ̀ ilé-ìkàwé mu? Ìbéèrè abẹ́nú ni yóò ka ìlà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ ilé-ìkàwé. Èsì tó tọ̀nà ni Àdùkẹ́ àti Kẹ́hìndé.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ yóò ka àtẹ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ńkọ́? Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ọ̀nà tó yá. Nínú iṣẹ́ tí Won Kim gbé jáde ní ọdún 1982, ó pín ìbéèrè abẹ́nú sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, ó sì fi hàn bí a ṣe lè yí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan padà sí ìbéèrè tí kò ní abẹ́nú mọ́. Fún irú àpẹẹrẹ tiwa yìí, ohun tí ọ̀nà náà sọ ni pé kí a kọ́kọ́ ka gbogbo àtẹ ilé-ìkàwé ní ẹ̀ẹ̀kan, kí a kọ àbájáde rẹ̀ sí àtẹ kékeré kan, kí a sì wá fi àtẹ kékeré yìí wé ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ Kim, ọ̀pọ̀ ni ó sì tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ kékeré náà dáadáa. Àdùkẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú 2, Bọ́lá wà níbẹ̀ pẹ̀lú 3. Kẹ́hìndé kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé kò ní ìlà kankan tí a lè kà. Nígbà tí a bá wá fi àtẹ méjèèjì wé ara wọn, Àdùkẹ́ nìkan ni yóò jáde. Kẹ́hìndé, tí kò yá ìwé kankan, tí ó sì sọ òtítọ́ nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ti sọnù. Ẹ̀rọ kò bú, kò sì kìlọ̀. Orúkọ jáde lójú rẹ̀, ẹni tó ń wò ó sì gbà pé ó pé.

Werner Kiessling ni ó tú àṣìṣe yìí fó ní ọdún 1984. Orúkọ tí ó jẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ni àṣìṣe COUNT, nítorí pé COUNT ni ọ̀rọ̀ tí SQL fi ń ka nǹkan. Ní ọdún 1987, Richard Ganski àti Harry Wong fi ọ̀nà àtúnṣe hàn: kí a so àtẹ méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní alábàáṣe lódìkejì yóò ṣì dúró, kí a tó wá kà. Wọ́n tún ní láti ṣọ́ra nípa ohun tí a ó kà. Bí a bá ka ìlà, Kẹ́hìndé yóò ní 1, nítorí pé ìlà tirẹ̀ dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfìfo ni apá kejì rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà ní apá ti ilé-ìkàwé ni a gbọ́dọ̀ kà, kí ó lè jẹ́ 0.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé Kim kò mọ iṣẹ́. Ohun tó kọ́ wa ni pé ìyípadà tó tọ̀nà fún gbogbo àpẹẹrẹ tó ní nǹkan nínú lè má tọ̀nà fún èyí tí kò ní. Ẹni tó bá fi Àdùkẹ́ àti Bọ́lá nìkan dán ìbéèrè náà wò kò ní rí àṣìṣe kankan títí ayé.

4.0 Àṣìṣe Kejì: Àlàfo Tó Gbé Gbogbo Orúkọ Mì

Ìtàn kejì dá lórí ohun tí SQL ń pè ní NULL, tí àwa yóò máa pè ní àlàfo. Àlàfo kì í ṣe òdo. Òdo jẹ́ iye tí a mọ̀. Àlàfo sọ pé a kò mọ iye náà. Codd fúnra rẹ̀ (1979) ṣe àlàyé bí èrò náà yóò ṣe wọ inú ìlànà àtẹ: yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn kẹta wà, ìyẹn a kò mọ̀. SQL tẹ̀lé ọ̀nà yìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. A fẹ́ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà wọn kò sí láàárín nọ́ńbà àwọn tí wọ́n yá ìwé. NOT IN ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn. Èsì tí a ń retí ni Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n ká ní akọ̀wé kan gbàgbé láti kọ nọ́ńbà sí ìlà kan ṣoṣo nínú àtẹ ilé-ìkàwé. Ẹ̀rọ yóò yẹ Kẹ́hìndé wò báyìí: ṣé nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Àdùkẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó yàtọ̀ sí ti Bọ́lá? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó yàtọ̀ sí àlàfo? A kò mọ̀. Nígbà tí ọ̀kan ti jẹ́ a kò mọ̀, gbogbo rẹ̀ di a kò mọ̀. SQL kì í sì í mú ìlà jáde àfi bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, kò ní sí orúkọ kankan tí yóò jáde.

Ẹni tó rí ojú ìwé òfìfo yìí yóò sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ní ìwé lọ́wọ́. Àlàfo kan ṣoṣo ló sọ wọ́n di onígbèsè. A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe ní ti òfin tirẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ìlà tí kò ní nọ́ńbà jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Abéèrè ni kò mọ ohun tí òun bèèrè. Bí ó bá lo NOT EXISTS, tó túmọ̀ sí pé kò sí ìlà kankan tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí mu, Kẹ́hìndé yóò jáde. Lójú ẹni tó ń ka gbólóhùn méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n yàtọ̀ gedegbe.

5.0 Àṣìṣe Kẹta: Ta Ni ‘Ó’ Tọ́ka Sí?

Àṣìṣe kẹta yóò yé ọmọ Yorùbá kíákíá. Nígbà tí a bá sọ pé, ‘Adé sọ pé òun yá ìwé,’ kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́: Adé fúnra rẹ̀ ló yá ìwé. Bí a bá sọ pé, ‘Adé sọ pé ó yá ìwé,’ ọkàn wa yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èdè wa ní òun àti ó láti fi ya ẹni tó wà ní olórí awẹ́ gbólóhùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn.

SQL kò ní irú ìyàtọ̀ yìí láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sí i. Bí ìbéèrè abẹ́nú bá dárúkọ òpó kan, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ wá òpó náà nínú àtẹ abẹ́nú. Bí kò bá rí i, kò ní ráhùn. Yóò jáde lọ wá a ní òde. Ká ní orúkọ òpó nínú àtẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni ‘nọ́ńbà’, ṣùgbọ́n ‘ayáwèé’ ni orúkọ rẹ̀ nínú àtẹ ilé-ìkàwé. Ẹnì kan fẹ́ mú àwọn tí wọ́n yá ìwé jáde, ó sì ṣèèṣì kọ ‘nọ́ńbà’ sínú ìbéèrè abẹ́nú. Ẹ̀rọ kò rí i ní abẹ́nú, ó sì mú nọ́ńbà ti òde. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá di ẹni tí a fi wé ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà kan bá ti wà nínú àtẹ ilé-ìkàwé, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ní nọ́ńbà, títí kan Kẹ́hìndé, ni yóò jáde bí ẹni tó yá ìwé. Oògùn rẹ̀ ni kí a máa fi orúkọ àtẹ ṣáájú orúkọ òpó ní gbogbo ìgbà.

6.0 Irinṣẹ́ Ìhun-Ìbéèrè

Ìgbìyànjú láti gba ẹrù SQL kíkọ kúrò lórí ènìyàn kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láàárín 1975 sí 1977, Moshé Zloof ti IBM ní Yorktown Heights gbé ọ̀nà kan jáde tí olùlò fi lè kọ àpẹẹrẹ ohun tó ń fẹ́ sínú àtẹ òfìfo lójú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì hun ìbéèrè fúnra rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò nísinsìnyí jáde tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn náà: Hibernate ní 2001, Rails ní 2004, Django ní 2005, SQLAlchemy ní 2006, LINQ ní 2007, Laravel ní 2011.

Bí aṣọ òkè ni iṣẹ́ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ahunṣọ kì í hun agbádá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀já-ọ̀já ni ó ń hun ún, kí a tó wá rán an pọ̀. Akọ̀wé ètò yóò kó ẹ̀yà ìbéèrè jọ díẹ̀díẹ̀, irinṣẹ́ yóò sì so wọ́n pọ̀ di SQL. Àwọn iye tí a fẹ́ fi wá nǹkan kì í wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Irinṣẹ́ yóò fi àmì sílẹ̀ ní àyè wọn, yóò sì to àwọn iye náà lọ́tọ̀. Èyí ń dáàbò bo àkójọ-dátà lọ́wọ́ ẹni ibi tó bá fẹ́ ti àṣẹ bọ inú ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè abẹ́nú bá wọ̀ ọ́, irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi iye ti abẹ́nú sí àárín iye ti òde, ní ipò tó yẹ gẹ́lẹ́. Bí ipò méjì bá gbapò ara wọn, ọ̀rọ̀ SQL yóò dára lójú, èsì yóò sì jẹ́ ti ìbéèrè mìíràn.

Ìbéèrè abẹ́nú kò tètè rí àyè nínú gbogbo ibi wọ̀nyí. MySQL, tí ọ̀pọ̀ ń lò, kò gbà á títí di ẹ̀dà 4.1, tó jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2004. Ọdún 2017, nínú ẹ̀dà 1.11, ni Django fi ohun èlò kún un fún híhun ìbéèrè abẹ́nú ní tààrà. Ọ̀kan lára ohun èlò náà, OuterRef, jẹ́ àmì tí akọ̀wé fi ń sọ gbangba pé ti òde ni òpó yìí. A lè sọ pé irinṣẹ́ náà ti wá rí ‘òun’ tirẹ̀. Laravel náà mú ọwọ́ ìbéèrè abẹ́nú gbòòrò nínú ẹ̀dà 6 ní ọdún 2019.

7.0 Ìtàn Ìdánwò

Ní ìpàdé kan ní Róòmù ní ọdún 1969, Edsger Dijkstra tẹnu mọ́ ọn pé ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn pé kò sí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, àṣà ìdánwò fìdí múlẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí Kent Beck àti Erich Gamma ṣe JUnit ní ọdún 1997, èyí tó jẹ́ kí akọ̀wé ètò lè kọ ìdánwò kéékèèké tí ẹ̀rọ yóò máa tún ṣe fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà dán ìbéèrè tí irinṣẹ́ hun wò. Ọ̀nà kìíní ni kí a gba ọ̀rọ̀ SQL tí irinṣẹ́ hun, kí a fi wé èyí tí a ń retí. Ó yá, kò sì nílò àkójọ-dátà. Ọ̀nà kejì ni kí a to àtẹ kékeré kan, kí a bi í ní ìbéèrè náà, kí a sì wo èsì. Bí a bá fi ọ̀nà kìíní dán àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sọ wò, kò sí èyí tí yóò mú. Ẹni tó rò pé NOT IN tọ̀nà ni yóò kọ NOT IN sínú ohun tí ó ń retí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò bára mu, àṣìṣe yóò sì gba ìwé ẹ̀rí. Bí ẹni tó ṣe ìbéèrè ìdánwò bá ṣi ìdáhùn rẹ̀ kọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì í bákan náà ni yóò gba máàkì.

Ọ̀nà kejì sàn jù, àmọ́ òun náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi SQLite, tó fúyẹ́, ṣe ìdánwò, nígbà tí ó jẹ́ pé MySQL ni iṣẹ́ gidi wà. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ SQL bákan náà. SQLite gbà kí a fi LIMIT, ọ̀rọ̀ tí a fi ń dín iye ìlà kù, sínú ìbéèrè abẹ́nú tó tẹ̀lé IN, MySQL 8.0, tó jáde ní 2018, kọ̀ ọ́. Ìdánwò yóò yege, iṣẹ́ yóò sì kùnà.

Àwọn tó ń ṣe àkójọ-dátà fúnra wọn náà wá ọ̀nà. Don Slutz ti Microsoft (1998) ṣe ètò kan tí a ń pè ní RAGS, tó ń hun ìbéèrè SQL lọ́pọ̀ yanturu láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, títí kan àwọn oníbọ̀, tó sì ń bi onírúurú àkójọ-dátà ní ìbéèrè kan náà láti mọ̀ bóyá èsì wọn bára mu. Ní ọdún 2020, Manuel Rigger àti Zhendong Su ní ETH Zurich gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Wọ́n ní bí a bá pín àtẹ sí mẹ́ta, ìyẹn àwọn tí ìdáhùn wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, àti àwọn tó jẹ́ a kò mọ̀, àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo ìlà tó wà nínú àtẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àkójọ-dátà náà ní àṣìṣe. Wọ́n fi ọ̀nà yìí rí ọ̀pọ̀ àṣìṣe nínú àwọn àkójọ-dátà tí gbogbo ayé ń lò.

Lójú tiwa, ọ̀nà yìí wúlò fún abéèrè náà, kì í ṣe fún ẹni tó ṣe àkójọ-dátà nìkan. Bí a bá pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí mẹ́ta lórí NOT IN tó ní àlàfo, Àdùkẹ́ àti Bọ́lá yóò wà nínú àwọn tó yá ìwé, apá àwọn tí kò yá yóò ṣófo, Kẹ́hìndé yóò sì wà nínú a kò mọ̀. Àpapọ̀ pé mẹ́ta. A ti rí ibi tí Kẹ́hìndé wà.

8.0 Àmọ̀ràn fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Láti inú ìtàn yìí, a lè fa ìlànà mẹ́rin yọ. Èkíní, kí olùkọ́ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ṣírò èsì kí wọ́n tó bi ẹ̀rọ. Àtẹ oníìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Èkejì, kí ẹnì kan tí kò ní ìlà kankan ní apá kejì, àti ìlà kan tó ní àlàfo, máa wà nínú gbogbo àtẹ ìdánwò. Láìsí Kẹ́hìndé nínú rẹ̀, àtẹ ìdánwò kò tíì pé. Ẹ̀kẹta, kí iye tí a fi wá nǹkan ní abẹ́nú yàtọ̀ sí ti òde nínú ìdánwò. Bí méjèèjì bá jẹ́ 1, a kò ní mọ̀ bí wọ́n bá gbapò ara wọn. Ẹ̀kẹrin, kí a ṣe ìdánwò náà lórí irú àkójọ-dátà tí iṣẹ́ gidi ń lò.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìbéèrè abẹ́nú bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti mú kí èdè kọ̀ǹpútà sún mọ́ èdè ènìyàn, pé ìgbìyànjú láti mú un yá bí àṣìṣe COUNT, pé àlàfo àti orúkọ tí kò ní àmì tún dá wàhálà tiwọn sílẹ̀, àti pé irinṣẹ́ ìhun-ìbéèrè kò mú àwọn àṣìṣe náà kúrò. Ó kàn gbé wọn lọ sí ibi tí ojú kì í tètè tó.

Ohun tó yẹ kí ó jẹ olùkọ́ lọ́kàn jù ni irú ẹni tí àṣìṣe wọ̀nyí máa ń fi ìyà jẹ. Ẹni tó ní ìlà púpọ̀ nínú àtẹ kì í sọnù. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí kò dẹ́ṣẹ̀, tí kò ní nǹkan kan tí a lè kà sí i lọ́rùn, ni orúkọ rẹ̀ kì í jáde. Ibi tí orúkọ kan bá ti sọnù láìpariwo, ẹni tó ni ín kì í mọ̀ títí ọjọ́ tí yóò dúró níwájú tábìlì akọ̀wé, tí wọn yóò sì sọ fún un pé kò sí lára àwọn tó yege. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Iṣẹ́ ìdánwò ni láti mú kí ọjọ́ náà tètè pé, kí ó sì pé lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìbéèrè, kí ó má baà pé lọ́wọ́ Kẹ́hìndé.